Ọwọ́ Elkanah, Ẹnu Sàká

Bẹ́ ẹ bá bi àwọn tó ti pẹ́ lọ́jà Mile 12 nípa Sàká dìlálì, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọmọ yẹn lè ta tòmátì tó ti ń ṣomi fún ẹni tó wá ra àlùbọ́sà, kí onítọ̀hún tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dákẹ́. Torí ẹnu tó fi ń jẹun yẹn náà ló fi ta ọ̀rẹ́ ẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Ẹ fara balẹ̀ kà á. Tẹ́ ẹ bá ní adití nílé, tàbí ládùúgbò, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún 2003 ni. Tírélà á dé láti òkè Ọya pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti tàtàṣé, dìlálì á dúró láàárín ẹni tó lẹrù àti ẹni tó fẹ́ rà á, á bá wọn pa owó pọ̀, á gba làádà tiẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni kéèyàn mọ nǹkan tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, torí èyí tó dáa ni wọ́n máa ń tò sókè.

Sàká máa ń mọ̀ ọ́n. Elkanah ló ń sọ fún un.

Adití ni Elkanah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, géńdé tó ń já ẹrù lórí tírélà. Á ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ dé ìdí, á yọ ọ́, á wá wo Sàká láàárín èrò. Tó bá di ẹ̀ṣẹ́, ọjà le koko. Tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ nu àyà, ó ti rà nísàlẹ̀. Kí oníbàárà tó dá owó kan, Sàká ti mọ ibi tó máa dúró sí.

Ilé ìwé àwọn adití ni Elkanah lọ ní kékeré. Níbẹ̀ ló ti kọ́ èdè ọwọ́, òun ló sì fi kọ́ Sàká nígbà tí ẹrù ò bá tíì dé. Díẹ̀ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ gbogbo nǹkan, látorí bọ́ọ̀lù dórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Sàká ní ilà lójú, mẹ́ta mẹ́ta. Nítorí náà, tí Elkanah bá fẹ́ dárúkọ ẹ̀, á fi ìka mẹ́ta fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀.

Tí wọ́n bá jà, Elkanah á di ojú. Ó parí nìyẹn. Ta lo fẹ́ máa bá wí? Sàká á sún mọ́ ọn, á fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú títí ẹ̀rín á fi pa á, á sì lajú.

Nǹkan kan wà tí Sàká ò mọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n ẹ̀. Ó rò pé èdè yẹn, àwọn méjèèjì nìkan ló ni ín ní gbogbo Èkó. Elkanah ti sọ fún un rí pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ wàásù. Sàká rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Dìlálì kan wà tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n, àyà bí ilẹ̀kùn. Ó ti ń ṣọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaja Ajarat, oníbàárà ńlá tó ń wá láti Ogudu, kọjá níwájú Tòkunbọ̀, ó lọ bá Sàká. Kò pẹ́ tí òjò fi dé. Gbogbo èèyàn sá sábẹ́ tapólì. Àárín tírélà méjì ni Sàká wà, Elkanah wà lórí ọ̀kan, ni Tòkunbọ̀ bá wọlé tọ̀ wọ́n.

"Sàká, o gba Alhaja mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi rìn wá. Ṣé mo fi okùn fà á ni?"

"Odi yìí lo fi ń ṣe é. Mo ti rí yín. Ẹ̀ ń fi ìka ṣe oògùn."

"Tó bá jẹ́ oògùn, wá rà níbẹ̀. Mo máa ṣe é ní pọ́ọ́kú fún ẹ."

Tòkunbọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sókè, ó gbá ẹsẹ̀ Elkanah mú, ó fà á já bọ́ láti orí tírélà. Orí Elkanah lu irin. Kó tó dìde, Tòkunbọ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a níhà.

"Ké," ló ń wí. "Ké, kí n gbọ́. Ké."

Wíìlì sípánà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Sàká gbé e.

Èyí tó kọ́kọ́ là mọ́ Tòkunbọ̀ lórí, ó fi gba ọ̀rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe é. Èkejì, Tòkunbọ̀ ti wà lórí eékún, ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó ti dojú bolẹ̀ nínú tòmátì àtẹ̀fọ́, kò gba ẹnikẹ́ni mú mọ́. Sàká tún là á. Egungun dún. Ohun tó burú jù níbẹ̀, tí Sàká fẹnu ara ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà, ni pé ó dùn mọ́ ọn.

Elkanah ló tì í sẹ́yìn. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀, ó ki aṣọ náà mọ́ ihò tó wà lórí Tòkunbọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka ẹ̀ jáde.

Obìnrin kan yọjú lábẹ́ tapólì, ó figbe ta pé wọ́n ti pààyàn. Sàká ju sípánà sábẹ́ tírélà, ó sá. Elkanah kọ̀yìn sí obìnrin náà. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà sáré dé. "Ọwọ́ sókè. Mo ní ọwọ́ sókè." Elkanah ń tẹ aṣọ mọ́ orí. Ọ̀kan fi ìdí ìbọn gbá a lọ́rùn. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn òun. Ó yíjú, ó gbé ọwọ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ó fẹ́ ṣàlàyé.

"See this one. Àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ló ń ṣe fún wa."

Wọ́n fi bàtà lù ú, wọ́n fi ìdí ìbọn lù ú, wọ́n yí ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá de ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ti ki aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu nìyẹn.

Sàká wà lẹ́yìn àpò àlùbọ́sà. Ó rí gbogbo ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá méjì wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwọ ni Sàká?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Wọ́n ní ìwọ lo gbọ́ èdè odi yẹn. Ó yá, máa bọ̀."

Ó tẹ̀ lé wọn. Láàárín ọ̀nà ló tó yé e pé wọn ò wá mú òun. Ẹnu òun ni wọ́n wá yá.

Téṣàn tí wọ́n lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Sájẹ́ǹtì kan ló jókòó síbẹ̀, Godwin lorúkọ ẹ̀, èèyàn tín-ín-rín tó ń rin pákò. Ilẹ̀ ni Elkanah wà. Kobókó ti la ẹ̀yìn ẹ̀ bí ẹni kọ ebè. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wú, ìka méjì níbẹ̀ sì kọjú síbi tí ìka kì í kọjú sí.

"Mo ní kó sọ̀rọ̀, ó ń ju ọwọ́ sí mi lójú," Sájẹ́ǹtì wí. "Mo fi kóńdó bá ọwọ́ yẹn wí. Bóyá ìwọ lá máa sọ̀rọ̀ sí."

Elkanah gbójú sókè, ó rí Sàká. Ojú tó wú yẹn mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tan iná fún nínú òkùnkùn. Ẹnu ẹ̀ ti dé.

"Bi í. Kí ló dé tó fi fọ́ orí ọkùnrin yẹn?"

Sàká bi í. Ọwọ́ òsì nìkan ni Elkanah lè lò dáadáa, ó rọra ń fi sọ ọ́.

"Èmi kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ dá dúró. Ìwọ náà mọ̀." Ó wo Sájẹ́ǹtì, ó tún wo Sàká. "Má bẹ̀rù. Mi ò ní dárúkọ ẹ. Sọ fún wọn pé mi ò rí ojú ẹni tó ṣe é."

"Kí ló wí?" Sájẹ́ǹtì bèèrè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Iṣẹ́ dìlálì ni kó o dúró láàárín Mallam tí ò gbọ́ Yorùbá àti ìyá ọlọ́jà tí ò gbọ́ Hausa. Mallam á bú ìyá, wàá sọ fún ìyá pé ó kí i. Ìyá á ní ọjà rẹ̀ ń rùn, wàá ní ó ní ọjà dáa, owó ló kù. Ohun tẹ́nì kan bá sọ kọ́ lò ń gbé fún ẹnì kejì. Ohun tó máa jẹ́ kí ọjà tà lò ń gbé. Ó ti mọ́ Sàká lára. Kò sẹ́ni tó tíì mú un rí.

Ó wo kóńdó lórí tábìlì. Ó wo ìka ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó rò ó pé tí wọ́n bá lè ṣe ẹni tí ò ṣe nǹkan kan báyìí, kí ni wọ́n máa ṣe fóun?

"Ọ̀gá, ó ní òun ni," Sàká wí. "Ó ní Tòkunbọ̀ fa òun já bọ́ láti orí mọ́tò, ni inú fi bí òun."

"Kí ló fi lù ú?"

Sàká yíjú sí Elkanah, ó fi ọwọ́ bi í bóyá ebi ń pa á. Elkanah ní omi lòun fẹ́.

"Wíìlì sípánà ni, ọ̀gá. Ó ní abẹ́ tírélà lòun jù ú sí."

Wọ́n lọ wò ó, wọ́n bá a níbẹ̀. Ta ló tún máa jiyàn? Sájẹ́ǹtì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìwé náà síwájú Elkanah. Elkanah bi Sàká pé kí nìyí.

"Béèlì," Sàká fi ọwọ́ wí. "Tẹ̀ ẹ́, ká máa lọ sílé."

Elkanah ki àtàǹpàkò bọ inú íńkì. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí Sàká. Wọ́n wọ́ ọ padà sínú sẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ tí Tòkunbọ̀ kú ní ọsibítù, ẹ̀sùn yí padà. Ó di ìpànìyàn. Sájẹ́ǹtì ní láìpẹ́ àwọn máa gbé Elkanah kúrò níbẹ̀ lọ síbi tó le ju èyí lọ.

Sàká ra búrẹ́dì, ó lọ wò ó. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí sẹ́ẹ̀lì ti pe Elkanah, kò dáhùn; ó tún pè é, kò dáhùn; ni wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹní. Ojú kan ti di. Eyín ti lọ níwájú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí òrùlé gba àárín irin.

"Ilé. Ìgbà wo?"

"Ọ̀la," Sàká wí.

Ó délé, ó bì.

Elkanah ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Lará, tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ogudu. Abúlé ni Lará dàgbà sí nígbà tí àbúrò ẹ̀ wà ní ilé ìwé adití, kò gbọ́ ju bíi jẹun, sùn, wá, ilé. Nígbà tó dé téṣàn, òrùlé yẹn náà ni Elkanah ń ṣe fún un. Ilé. Ilé. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu tó ti ya.

Lará sọ fún ọ̀gá ẹ̀, Lọ́yà Cecilia. Lọ́yà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun pààyàn, kì í máa rẹ́rìn-ín pé òun ń lọ sílé."

Ló bá ránṣẹ́ pe Sàká sí téṣàn. Ohùn Lọ́yà dùn bí oyin.

"Bọ̀dá Sàká, ẹ ṣeun. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá wa bá a sọ̀rọ̀."

"Ó tì o, Aunty Lọ́yà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ń dùn mí."

Wọ́n mú Elkanah jáde, ṣẹkẹṣẹkẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú. Obìnrin aboyún kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn Sàká, ó wọ hìjáábù, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó jọ ẹni tó wá gba ọkọ ẹ̀. Sàká ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ bá mi bi í," Lọ́yà wí, "kí ni wọ́n sọ fún un pé ó ṣe?"

Elkanah ò jẹ́ kó bi í tán. "Sọ fún obìnrin yìí pé wọ́n ṣẹ́ ìka mi. Sọ fún un pé mi ò mọ ẹ̀sùn mi. Mo ti tẹ béèlì, wọn ò jẹ́ kí n lọ. Sàká, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

Sàká yíjú sí Lọ́yà. "Ó ní kẹ́ ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu, Aunty. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Àánú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Ó dáa," Lọ́yà wí. "Kabirat, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Obìnrin aboyún náà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò láṣọ. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn Sàká, ó kí Elkanah. Kì í ṣe bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ọwọ́ ẹ̀ yá, ó mọ́, bí omi tó ń dà láti inú kẹ́tùlù.

"Bàbá mi àti ìyá mi, adití ni àwọn méjèèjì," ó sọ fún Sàká. "Èdè yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láyé. Ẹ tún èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn sọ, mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Sàká yíjú wo ẹnu ọ̀nà.

Kabirat bá yíjú sí Elkanah, ó sì fi ọwọ́ sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Pé Tòkunbọ̀ ti kú. Pé ìwé tó tẹ̀ kì í ṣe béèlì. Pé Sàká ló sọ fún ọlọ́pàá pé Elkanah ló pa á. Sàká dúró láàárín wọn, ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èdè tó rò pé òun àti Elkanah nìkan ló ni ín, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u sí ìhòhò.

Ohùn kan jáde lọ́fun Elkanah tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ó fo tábìlì. Ó fi ọwọ́ tí wọ́n dè pọ̀ gbá Sàká lẹ́nu, irin ṣẹkẹṣẹkẹ fọ́ eyín. Ó tún gbá a. Sàká ṣubú, Elkanah gùn ún, ó ń lù ú pẹ̀lú ìka tó ti ṣẹ́, ó ń ké bí ẹran. Ọlọ́pàá méjì yọ kóńdó.

"Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, èmi àti onítọ̀hún ló máa jọ dé kóòtù," Lọ́yà Cecilia wí. Kò pariwo. Wọ́n dúró.

Kabirat ló fi ọwọ́ kan èjìká ẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ó bi í: ta ló pa á?

Elkanah, tí wọ́n na tó ń dákẹ́, tí wọ́n ṣẹ́ ìka ẹ̀ tó ń dákẹ́, gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó fi ìka mẹ́ta fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀.

Gbogbo wọn wo ojú Sàká. Ilà mẹ́ta mẹ́ta wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba orí ẹ̀.

"Èmi ni," Sàká wí. "Èmi ni, ọ̀gá."

Sájẹ́ǹtì Godwin ní, "Madam, but he don thumbprint confession."

"Ìjẹ́wọ́ ta ni?" Lọ́yà bi í. "Òfin ní kẹ́ ẹ sọ ẹ̀sùn fún ẹni tẹ́ ẹ bá mú, lédè tó yé e. Òfin ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí á fi rí lọ́yà bá sọ̀rọ̀. Tó bá dé kóòtù, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún un, kò ní san kọ́bọ̀. Èdè ni ọwọ́ ẹ̀ yìí, bí Yorùbá, bí Hausa. Ẹ̀yin ṣẹ́ ẹ, ẹ wá lọ mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́jà, ẹ ò bèèrè ibi tí ọ̀rẹ́ náà wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn."

"Madam, téṣàn ò ní owó tí a fi máa gba tíṣà adití."

"Ṣùgbọ́n ó ní owó kóńdó."

Elkanah lọ sílé. Sàká lọ sẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ wò ó pé ìjà ló fa ikú náà, wọn ò dá ikú fún un. Sájẹ́ǹtì Godwin, wọ́n gbé e lọ sí téṣàn mìíràn, kóńdó ẹ̀ tẹ̀ lé e.

Tí wọ́n bá mú adití yín, ẹ má jẹ́ kó tẹ ìka sí ohunkóhun kí ògbufọ̀ gidi tó dé, ẹni tí ọ̀ràn náà ò kàn rárá. Ẹ má wá ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Sàká ló sún mọ́ Elkanah jù.

Lọ́dún tó kọjá ni Sàká jáde. Ó wádìí títí ó fi gbọ́ pé Elkanah ń bá wọn kó búlọ́ọ̀kù ní Ifákọ̀. Ó bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án. Elkanah ti hu irun funfun. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ le gbagidi bí igi, àtàǹpàkò àti àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gbé ẹrù.

Elkanah rí i, ó gbé búlọ́ọ̀kù sílẹ̀.

Sàká gbé ọwọ́ sókè. Ó ti ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lọ́wọ́ ara ẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́wọ̀n, àwọn ẹlẹ́wọ̀n rò pé orí ẹ̀ ti dàrú. Ó bẹ̀rẹ̀. "Mo..."

Elkanah di ojú.

Sàká dúró. Ó sún mọ́ ọn. Ó tẹ orí wálẹ̀, ó rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Ojú Elkanah ò mì. Ẹnu ẹ̀ ò mì.

Ọkùnrin kan tó ń po sìmẹ́ǹtì ń wò wọ́n. Ó ti fi ṣọ́bìrì ti búlọ́ọ̀kù.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni? Ó ti kọ́ wa lọ́wọ́ níbí, gbogbo wa la gbọ́ ọ díẹ̀ díẹ̀. Ẹ sọ tẹnu yín. Tó bá lajú, mo máa bá yín sọ fún un, bẹ́ ẹ bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Sàká la ẹnu tí eyín ò sí níwájú mọ́. Ó ń wo ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ń retí kó là.